Mojísọ́lá, Ẹni Tó Kọ́ Sáfà Láti Sọ Pé "A Kò Lè Kà Á"

Yéè, Mojísọ́lá o! Ìyá Tómi, ṣé ibi tí a máa bá ọ̀rọ̀ dé nìyí? Ó dìgbà kan ná, aya mi. Ó dìgbà tí Olúwa bá tún pè wá jọ.

Èmi ọkọ rẹ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀, níwájú àwọn ẹbí wa láti Ọ̀wọ̀ àti Ìdáṣẹ̀n, níwájú ìjọ Áńgílíkà tí a ti jọ ń sìn láti kékeré, àti níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Tíṣà Yorùbá ni mí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé kọ irú ọ̀rọ̀ ìdágbére báyìí, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé orúkọ rẹ ni n óò kọ sí òkè rẹ̀. Mo pinnu pé n kò ní kó oríyìn jọ lásán. Ohun tí o ṣe ni n óò sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí lónìí ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ sí ilé ìwòsàn.

Mojísọ́lá, ọmọ Ọ̀wọ̀ gidi, ọmọ akọ̀wé ìjọba, ọmọ olùkọ́ tó fi ìwà ọmọlúàbí tọ́ ọ. Obìnrin olóhùn gooro, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. O kàwé nípa kọ̀ǹpútà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ sì ń pè ọ́ pé kí o wá bá wọn ní àwọn ìlú ńlá. O dá wọn lóhùn pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà tó wà ní Ọ̀wọ̀ kò nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n ni?" O sì padà wálé. Ọ́fíìsì ìlera ni wọ́n gbà ọ́ sí, sáfà ni wọ́n sì fi sí ìkáwọ́ rẹ, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìbéèrè láti orí fóònù àwọn aláìsàn, tó sì ń fi èsì àyẹ̀wò wọn ránṣẹ́ padà. Láti Ọ̀wọ̀ títí dé àwọn abà tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò yóò rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà, líǹkì yóò wà nínú rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, èsì rẹ̀ yóò sì ṣí. Kò tún ní wọ mọ́tò wá sí ìgboro nítorí ìwé pélébé kan.

O kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọ. Bí nǹkan kò bá dára, ojú ẹni tó ṣe é ni wàá ti sọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ akọrin bá ṣi ohùn kọ, ọwọ́ rẹ a ti wà lókè kí ọ̀gá akọrin tó gbọ́ ọ. Bí mo bá dáhùn sí ọ̀rọ̀ rẹ pẹ̀lú "hùn-ún" lásán, wàá dúró, wàá wò mí, wàá ní, "Bàbá Tómi, ẹ dá mi lóhùn kí n mọ̀ pé ẹ gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fi ń dá ọ mọ̀ nínú ilé. Ẹnu rẹ le, ṣùgbọ́n n kò rí ọjọ́ kan tí o fi ẹnu náà rẹ́ ẹni tí kò lágbára jẹ.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ tí sáfà ṣubú.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni. A ń mu ògì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ọ̀sì kan ní èsì kò ṣí mọ́. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, òmíràn ti ń pè. Kò sí ilé ìwòsàn kankan tó lè rí nǹkan kan lórí ìkànnì. O fi ògì sílẹ̀, o jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni o tó padà, o jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, o sì là á yé mi.

O ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. O ní àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gba àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì lórí bí wọ́n ti rí. Bí "à" bá wà nínú orúkọ ènìyàn, àmì pásẹ́ńtì ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà kan yóò sì tẹ̀lé e láti sọ ohun tó dúró fún. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìkànnì náà ló fi orúkọ aláìsàn sínú àdírẹ́sì. Nígbà tí ènìyàn bá ń fi líǹkì ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíràn, ó lè gé sí àárín. Pásẹ́ńtì yóò wá dá dúró ní ìparí, láìsí ohunkóhun tó tẹ̀lé e. Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan. Sáfà gbìyànjú láti kà á, kò lè kà á, ló bá dojú bolẹ̀.

Mo bi ọ́ pé, "Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ni kò mọ̀ ọ́n kọ?"

O wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ. "Bàbá Tómi, ẹni yẹn kò kọ nǹkan kan. Ó tẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni. Sáfà wa ni kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló dáhùn, nígbà tó yẹ kó dáhùn irinwó."

Ẹ̀rín pa mí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mo nà án ní kíláàsì. O ṣàlàyé pé nọ́ńbà ni sáfà fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ní irinwó, ó túmọ̀ sí pé àdírẹ́sì tó dé ọ̀dọ̀ òun ló bàjẹ́, òun alára wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó túmọ̀ sí pé inú òun gan-an ni nǹkan ti dàrú. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí Tómi ọmọ wa bá ń kùn lẹ́nu láìyanu, wàá pariwo láti yàrá pé, "Irinwó! Tún un sọ!"

Ọ̀gá rẹ nígbà náà ni Ọ̀gá Fọlárìn. Wọ́n wà níbí lónìí, àwọn ni wọ́n sì ní kí n má yọ ibi tó kan àwọn kúrò. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní sáfà kò gbọ́dọ̀ ṣubú mọ́. O ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ní kí sáfà máa gé ibi tó bàjẹ́ nínú àdírẹ́sì dànù, kó wo èyí tó kù, kó wá ohun tó sún mọ́ ọn jù, kó sì ṣí i fún ènìyàn. Ìwọ ní rárá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," o ní bẹ́ẹ̀ ni o wí fún wọn, "èsì àyẹ̀wò ni, kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó. Bí sáfà bá méfò tó sì ṣì í, ta ni yóò mọ̀?"

Wọ́n ní, "Ìyá Tómi, àwọn ará ìlú kò fẹ́ kí ìjọba máa sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n bá ń wá ni kí á fún wọn."

O kọ̀ láti ṣe é. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ìyẹn sì ṣe é bí wọ́n ti wí. Lọ́jọ́ náà ìwọ fúnra rẹ lo gún iyán alẹ́, o gún un débi pé àwọn ará ilé kejì béèrè bóyá àlejò pọ̀ nílé wa.

Kò pẹ́ sí i, nọ́ọ̀sì kan pè ọ́ láti Ẹlẹ́gbẹ̀ká. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Àǹtí, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ní kò sí nǹkan kan tó ṣe aboyún yìí. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ fi fóònù hàn mí, wọ́n ní ó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn. Ọkùnrin náà ti ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀."

Ilé-ìwé wà ní ìsinmi. O ní kí n dìde, kí n wa ọkọ̀. Ní ọ̀nà Ìfọ́n, o gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, o ń wá inú àkọsílẹ̀ sáfà. A kò tíì dé àbọ̀ ọ̀nà tí o fi ní, "Mo ti rí i." Orúkọ obìnrin náà ni Ràfíátù. Líǹkì tí aládùúgbò tó bá a gba àtẹ̀jíṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ti gé mọ́ orúkọ náà lára. Lẹ́tà R àti àmì pásẹ́ńtì kan péré ló kù. Sáfà gé pásẹ́ńtì dànù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó mú R, ó sì ṣí èsì ẹni àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn náà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R. Nítorí àṣírí, orúkọ kì í hàn lórí ojú ewé èsì. Kò sí ohun tó lè sọ fún wọn pé ti ẹlòmíràn ni.

A bá Ràfíátù níjòkòó lórí báàgì rẹ̀ ní iwájú ilé. Ojú rẹ̀ ti wú, oyún rẹ̀ sì ti yọ síta dáadáa. Ọkọ rẹ̀, Sàlámì, ọmọ ìdílé àwọn oníṣòwò ní àárín ìgboro Ọ̀wọ̀ tó wá ń dáko kòkó níbẹ̀, dúró lẹ́bàá ògiri, kò wo ojú rẹ̀. Ìyá Sàlámì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. O kúnlẹ̀ kí ìyá, lẹ́yìn náà o kọjú sí ọmọ. Èdè Ọ̀wọ̀ ni o fi bá wọn sọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

O ní, "Ohun tí ẹ kà lórí fóònù yìí kì í ṣe ti ìyàwó yín."

Sàlámì dáhùn pé, "Màdáámù, ìkànnì ìjọba ló sọ ọ́. Ṣé ìjọba a máa purọ́ ni?"

"Kò purọ́. Ó méfò ni. Àwa la kọ́ ọ pé kó máa méfò, ó sì ṣìnà. Ẹ̀bi ọ́fíìsì wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi ìyàwó yín rárá."

O fi àdírẹ́sì tó gé náà hàn án, o fi èyí tó pé hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O tẹ èyí tó pé níwájú gbogbo wa, èsì Ràfíátù sì ṣí, ó bá ìwé ọwọ́ nọ́ọ̀sì mu délẹ̀délẹ̀. Ràfíátù ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Mo sọ fún yín. Mo sọ fún yín títí, ẹ kò gbà." Sàlámì wá síwájú, ó gbé báàgì náà, ó sì gbé e padà sínú yàrá. Nígbà tó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún aya rẹ̀ ní ojúde, níṣojú ìyá rẹ̀. Èmi kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìwọ kò tíì parí. O ní kí ó pa èsì tó kọ́kọ́ kà rẹ́ lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ síta, nítorí obìnrin kan wà níbìkan tó jẹ́ òun ló ni ín. Ìgbà tí a kúrò níbẹ̀ ni o tó sunkún, nítorí obìnrin yẹn, ẹni tí a ti tú àṣírí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì o wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Fọlárìn, o kò jókòó. O sọ ohun tí ojú rẹ rí ní Ẹlẹ́gbẹ̀ká fún wọn. Lẹ́yìn náà o ní, "Ọ̀gá, àdírẹ́sì tí sáfà kò bá lè kà, kó sọ pé òun kò lè kà á. Kó má ṣubú, kó má méfò. Kó má sì tú àṣírí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ síta fún àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti wò. Kó kàn sọ fún ènìyàn pé àdírẹ́sì kò pé, kó sọ ohun tó lè ṣe fún un, kó sì máa dá àwọn yòókù lóhùn lọ." Ọ̀gá Fọlárìn ní àwọn bi ọ́ pé tí inú bá bí àwọn ènìyàn ńkọ́? O ní, "Kí inú bí wọn díẹ̀. Ó sàn ju kí ilé wọn tú." Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní kí o ṣe é bí o ti wí. Wọ́n tún lọ sí Ẹlẹ́gbẹ̀ká fúnra wọn láti tọrọ àforíjì, mo sì yìn wọ́n fún un.

Nígbà yẹn ni iṣẹ́ kan èmi náà. O ní kí n bá ọ kọ ohun tí sáfà yóò máa sọ ní Yorùbá. Mo fi ọgbọ́n tíṣà kọ ọ́, mo ní: "Àṣìṣe wà nínú àdírẹ́sì tí ẹ fi ṣọwọ́ sí wa." O kà á, o dá a padà. "Wọn kò ṣe àṣìṣe kankan. Líǹkì ló gé. Ẹ má dá wọn lẹ́bi." Mo tún un kọ. O ní ó gùn jù, ìyá àgbà yóò ti sùn kó tó kà á tán. A ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ títí iyán fi tutù, títí ó fi di èyí tí ẹ̀yin náà lè ti rí lórí fóònù yín: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àdírẹ́sì yìí kò pé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì fẹ́ méfò. Ẹ padà sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ tẹ líǹkì inú rẹ̀. Bí kò bá tún ṣí, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì yín."

Kí o tó gbé e síta, o sọ èmi àti Tómi di ọ̀tá sáfà. O ní kí á fi gbogbo ìkọkúkọ tí a bá mọ̀ dán an wò. Tómi to pásẹ́ńtì bí ẹni ń to ẹ̀wà. Èmi kọ oríkì bàbá mi pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, mo sì gé e ní ibi tó burú jù. Gbogbo rẹ̀ ni sáfà kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó ṣe ohunkóhun. Èyí tó bá pé, ó ṣí ọ̀nà fún un. Èyí tí kò bá pé, ó dá a padà pẹ̀lú "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Kò mì rárá. O ń jó káàkiri pálọ̀, ìwọ nìkan, láìsí orin. O tún yọ orúkọ àwọn aláìsàn kúrò nínú àdírẹ́sì pátápátá, kí ó má baà sí ẹni tí a óò tún bá orúkọ rẹ̀ ṣeré.

Ràfíátù bí ọmọbìnrin. Wọ́n pè wá síbi ìsọmọlórúkọ, ìyá Sàlámì ló sì gbé ọmọ lé ọ lọ́wọ́ kí ó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Láti ìgbà náà, àwọn ọ́fíìsì mìíràn ti rán ènìyàn wá kọ́ bí o ti ṣe é. Sáfà náà ṣì dúró títí di àárọ̀ òní tí mo ń kọ èyí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Mojísọ́lá, àìsàn tó mú ọ kò gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò rí ọ mú ní ojo. O pe àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o sì ń là wọ́n lọ́yẹ̀ bí ẹni tó ń lọ fún ìsinmi ọdún. O kọ́ Tómi bí o ṣe ń di gèlè rẹ. O yan orin tí àwọn akọrin yóò kọ lónìí, o sì sọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dá orin náà. Mo ti jíṣẹ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo àlejò ti lọ, o di ọwọ́ mi mú, o bi mí pé, "Bàbá Tómi, ṣé ẹ óò lè ṣe é? Ẹ̀yin àti ọmọ yìí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò dá ọ lóhùn. Dókítà sì wọlé. Nígbà tí ó jáde, oorun ti gbé ọ lọ, a kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Gbogbo ènìyàn tó wà níbí, ẹ jẹ́rìí mi. Tómi, dúró tì mí. Mojí, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. A óò lè ṣe é.

Sùn re, aya mi. Sùn láìbẹ̀rù kankan, sùn lọ́wọ́ Ẹni tó dá ọ.

Ọkọ rẹ, Bàbá Tómi.